Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ọ̀rọ̀ Lórí Sójà Tó Ń Wá Ibi Ìsádi

Ọ̀rọ̀ ohùn ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e àti àwọn tó wà lọ́jà.

    

Mo ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé màá dáhùn ìbéèrè kan tó wọlé sórí fóònù mi. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó bi mí. Ìyá kan láàrin wa ni. Ọmọ wọn ṣe sójà fún ọdún díẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, ó ti wà ní Kánádà báyìí, ó sì fẹ́ gba ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní asylum, ìyẹn ààbò tí wọ́n ń fún ogúnléndé. Ẹnì kan sọ fún ọmọ náà pé wọn kì í fún sójà, pé tó bá ti fẹnu kan bárékè báyìí, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, kó yáa sọ pé telọ lòun. Ẹlòmíì tún ní rárá o, kó máa sọ pé òun pa èèyàn, wọ́n fi ipá mú òun ni, kí àánú ẹ̀ lè ṣe wọ́n. Ìyá wá ní, "Bàbá Akọ̀wé, èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe lọ́yà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti lọ́yà kan ní Ìbàdàn, tí mò ń tẹ ìwé fún wọn, kí n tó kó wá sí Sabon Gari wá máa ta páànù àti ìkòkò. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka ìdájọ́. Mo ka àwọn tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ìdáhùn mi kúkurú ni pé ká má gba ìkankan nínú méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ á ba ọmọ náà jẹ́, èyí ìkejì á bà á jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n wá sọ ìdí ẹ̀, torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá yẹn nìkan. Ọmọ wo ló kù tí kò fẹ́ lọ lóde òní?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ò lóǹkà. Ní 1951, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n ṣàdéhùn. Wọ́n ní ẹni tó bá sá kúrò nílùú ẹ̀ torí ìbẹ̀rù tó nídìí, pé wọ́n máa ni òun lára nítorí ẹ̀yà òun, ẹ̀sìn òun, ọmọ ibi tí òun jẹ́, irú ẹgbẹ́ èèyàn tí òun wà lára wọn, tàbí èrò òun nípa òṣèlú, wọn ò gbọdọ̀ dá a padà sẹ́nu kìnnìún. Òun là ń pè ní ogúnléndé.

Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé yẹn kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mọ̀ pé tí ogun bá parí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n nà nìkan ló ń sá. Ẹni tó mú pàṣán lọ́wọ́ náà ń sá. Á bọ́ aṣọ sójà, á wọ aṣọ mẹ̀kúnnù, á dà pọ̀ mọ́ èrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbólóhùn kan sí i, ní abala kìíní, lẹ́tà F. Wọ́n ní ààbò yìí kò sí fún ẹni tí ìdí tó lágbára bá wà láti rò pé ó ti hu ìwà ọ̀daràn ogun, tàbí ìwà ọ̀daràn sí ọmọ aráyé, tàbí pé ó ti ṣe ọ̀ràn ńlá mìíràn tí kì í ṣe ti òṣèlú kó tó dé ìlú tó sá wá, tàbí ohun tó lòdì sí ìpìlẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwa ní Áfíríkà náà ṣe tiwa ní 1969, nígbà OAU, a sì fi ilẹ̀kùn kan náà síbẹ̀.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa o: ìdí tó lágbára láti rò. Kò dìgbà tí kóòtù bá ti dá èèyàn lẹ́bi. Kò dìgbà tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n. Ohun tí wọ́n fi ń di èèyàn mọ́ ìta níbẹ̀ kéré sí ohun tí wọ́n fi ń sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Ó sì ju ìfura lásán lọ. Àárín méjèèjì ló wà.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó bá ti dàgbà díẹ̀ láàrin wa á rántí ibùdó ogúnléndé tó wà ní Orù, lọ́nà Ìjẹ̀bú, nígbà ogun Liberia àti ti Sierra Leone. Ẹ fojú inú wò ó ná. Obìnrin kan sá láti ìlú ẹ̀, wọ́n ti pa ọkọ ẹ̀ lójú ẹ̀. Ó tò sórí ìlà láti gba ìrẹsì. Ó wẹ̀yìn wò, ó rí ọkùnrin tó pa ọkọ ẹ̀, tí òun náà mú káàdì ogúnléndé lọ́wọ́, tó ń retí ìrẹsì kan náà. Ṣé ilé ìsádi ṣì nìyẹn? Òfin yìí ò kórìíra sójà. Torí obìnrin yẹn ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ jẹ́ n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tì í. Ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ kan wà nínú ogun Liberia tí wọ́n ń pè ní Jungle Jabbah. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni Mohammed Jabbateh, ẹgbẹ́ ULIMO ló bá jà. Ní 1998, ó béèrè asylum ní Amẹ́ríkà. Ó purọ́ nípa ohun tó ṣe nígbà ogun. Wọ́n gbà á gbọ́. Ó jókòó sí ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó ń ṣe òwò, ó ń tọ́ ọmọ, bí èmi àti ẹ̀yin. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Kò tiẹ̀ pé ogún ọdún. Ní 2017, àwọn ará Liberia tó jìyà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ẹ̀ wọ bàálù lọ sí Philadelphia, wọ́n dúró níwájú adájọ́, wọ́n ròyìn pípa, ìfipábánilòpọ̀, àti àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò ní fẹnu mi sọ nítorí àwọn ọmọ tó wà nítòsí fóònù. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ní 2018, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọdún. Ẹ wá mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀? Irọ́ ni. Irọ́ tó pa nínú ìwé ìwọ̀lú àti irọ́ tó pa lẹ́yìn tó ti búra.

Torí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún ọmọ yín pé kó máa kọ telọ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ rántí ọgbọ̀n ọdún yẹn. Mi ò ní ọmọ yín ṣe ohun tí Jabbateh ṣe o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé irọ́ ara ẹ̀ ti tó ẹ̀ṣẹ̀, kódà tí ohun tí èèyàn ń fi í bò mọ́lẹ̀ ò bá tó nǹkan.

Ẹ má bínú sí ariwo yẹn, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ni.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbi tó ti ṣòro. Jabbateh rọrùn láti dá lẹ́jọ́, ọ̀gá ni. Ẹni tó kàn wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń wakọ̀ ńkọ́? Yorùbá ní òwe méjì lórí èyí, àwọn méjèèjì sì ń bára wọn jà. Èkíní ní, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìyẹn ni pé ká má gé ọwọ́ mẹ́wàá nítorí ìka kan. Èkejì ní, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ranni lọ́wọ́ náà jalè, ó tiẹ̀ lè burú jù. Gbogbo ìjà tó wà nínú àwọn ìdájọ́ tí mo kà, àárín òwe méjèèjì yìí ló wà.

Ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni ti Ezokola, ní Kánádà. Ọmọ Kóńgò ni, Kóńgò ti Kinshasa. Ó wọṣẹ́ ìjọba ní 1999. Ìwé ló ń kọ, kì í ṣe ìbọn ló ń gbé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí New York, sí ọ́fíìsì Kóńgò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó dé ibi pé ó ṣe adelé fún aṣojú orílẹ̀-èdè ẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àsìkò yẹn, àwọn sójà ìjọba Kóńgò ń pa èèyàn, wọ́n ń fipá bá obìnrin lòpọ̀. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ní January 2008, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́jọ, ó sá wọ Kánádà. Ó ní òun ò lè bá ìjọba yẹn ṣiṣẹ́ mọ́, pé wọ́n á ka ìfiṣẹ́sílẹ̀ òun sí ọ̀dàlẹ̀, àti pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń yọ òun lẹ́nu.

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogúnléndé lé e padà. Wọ́n ní ipò ẹ̀ ga, ó mọ ohun tí ìjọba ẹ̀ ń ṣe, ó sì ń gbowó oṣù níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti gba epo sílẹ̀. Ẹjọ́ náà ń gòkè títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà. Ní oṣù July 2013, ilé ẹjọ́ yẹn sọ pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti na ọwọ́ òfin kọjá ibi tó yẹ. Wọ́n ní èèyàn ò lè di ọ̀daràn nítorí ẹni tó bá rìn. Kéèyàn tó pàdánù ààbò nítorí ìwà ẹgbẹ́ tàbí ìjọba, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé sí i lára: ó fínnúfíndọ̀ ṣe é, ó mọ ohun tí òun ń ṣe, ìrànlọ́wọ́ tó ṣe sì jẹ́ èyí tó ṣe gúnmọ́ nínú ìwà ọ̀daràn náà tàbí nínú ète burúkú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n tún ní ọrùn ẹni tó fẹ́ lé e síta ni ẹrù ẹ̀rí wà. Wọ́n wá dá Ezokola padà fún ìgbìmọ̀ mìíràn pé kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tuntun yìí tún ẹjọ́ ẹ̀ gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá mẹ́ta yẹn pé? Ilé ẹjọ́ yẹn to ohun mẹ́fà sílẹ̀ fún wọn láti wò. Ẹ mú bírò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ níta. Àkọ́kọ́, báwo ni ẹgbẹ́ náà ṣe tóbi tó, irú ẹgbẹ́ wo sì ni? Ìkejì, apá ibo nínú ẹgbẹ́ náà lo wà gan-an? Ìkẹta, kí niṣẹ́ rẹ níbẹ̀? Ìkẹrin, ipò wo lo dì mú? Ìkarùn-ún, ọdún mélòó lo lò níbẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tó o ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Ìkẹfà, báwo lo ṣe débẹ̀, ṣé ìwọ lo wọlé ni àbí wọ́n fà ẹ́ wọlé, ìgbà tó o sì lè jáde, ṣé o jáde?

Ẹ jẹ́ n gbé e sọ́jà ká lè rí i dáadáa. Ìyá kan ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì bárékè. Àwọn sójà ń jẹun níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ń lọ lu èèyàn pa tí wọ́n bá yó. Oúnjẹ lásán ni ìyá yẹn tà, kò rán wọn níṣẹ́ ibi. Awakọ̀ kan wà nínú bárékè kan náà. Òru ni wọ́n ń ké sí i, á gbé àwọn tí wọ́n dè lọ́wọ́ lọ sínú igbó, ọkọ̀ á sì padà ní òfìfo. Kò yìnbọn rí láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀, ó sì tún padà wa ọkọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Akọ̀wé kan tún wà tó ń ṣírò owó oṣù sójà ní ọ́fíìsì tó jìnnà síbẹ̀. Aṣọ kan náà ni akọ̀wé àti awakọ̀ wọ̀. Tí wọ́n bá fi ohun mẹ́fà yẹn wò wọ́n, wọn ò ní gba ìdájọ́ kan náà. Èmi rò pé ibẹ̀ ni òwe wa méjèèjì ti pàdé. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tó gba epo sílẹ̀ wà lára àwọn ìka tó ṣẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òṣùwọ̀n yìí ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kánádà kan náà, ní 1992, dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ramirez. Sójà El Salvador ni, ní Amẹ́ríkà Àárín. Ó wọṣẹ́ ológun fúnra ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ìyà oró jẹ àwọn tí wọ́n mú, tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Níkẹyìn, ó sá kúrò. Ó kábàámọ̀ lóòótọ́, àwọn adájọ́ rí i pé ó kábàámọ̀. Àwọn adájọ́ kan náà sọ pé kéèyàn kàn dúró níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di alábàápín. Síbẹ̀ wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, torí pé ó wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń ṣe é, ó mọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó kúrò. Àbámọ̀ dára lójú Ọlọ́run. Ní kóòtù, wọ́n máa ń béèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi ipá mú ńkọ́? Ó di ọwọ́ ìlú tó o bá dé. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Negusie wà níbẹ̀. Ní Eritrea, wọ́n fi túláàsì mú un wọṣẹ́ ológun. Ó kọ̀ láti bá Etiópíà jà, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méjì, wọ́n lù ú. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ní kó wá máa ṣọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ló fi gbé ìbọn síbẹ̀. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni pé wọ́n ń sá wọn sóòrùn. Ó ṣọ́ wọn nínú oòrùn yẹn, ó sì rí ẹni tí oòrùn pa. Ó ní nígbà míì òun máa ń yọ́ fún wọn lómi. Nígbà tó rọ́nà, ó sá, ó fara pamọ́ sínú àpótí ẹrù lórí ọkọ̀ òkun, ó dé Amẹ́ríkà ní 2004.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣèdájọ́ ná. Ẹlẹ́wọ̀n ni àbí wọ́dà? Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ́wọ́ nínú inúnibíni kò lè gba asylum. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ ní bóyá wọ́n fi ipá mú un tàbí wọn ò fi ipá mú un, kò kàn wọ́n, torí pé ilé ẹjọ́ ti sọ irú ẹ̀ ní 1981 nípa ẹni tó ṣọ́ àgọ́ ikú Treblinka nígbà Hitler. Ní 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní rárá, òfin ọ̀tọ̀ ni ti 1981, ẹ padà lọ rò ó fúnra yín bóyá ipá yẹ ní wíwò. Ní 2018, ìgbìmọ̀ ní ipá lè gbani là, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí. Ní 2020, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ní kò gbani rárá. Ní 2021, èyí tó rọ́pò ẹ̀ tún gbé ẹjọ́ náà sọ́wọ́ ara ẹ̀ láti tún un yẹ̀ wò. Ẹjọ́ ẹnì kan, láti ìjọba dé ìjọba. Ọmọ tó kúrò ní ogún ọdún lè darúgbó sórí ìlà.

Nǹkan kan ló gba Negusie sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Àdéhùn mìíràn wà, ti 1984, tó lòdì sí fífi ìyà oró jẹni. Adájọ́ rí i pé tí wọ́n bá dá a padà sí Eritrea, wọ́n á fi ìyà oró jẹ ẹ́, torí náà wọn ò lè dá a padà síbẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Wọn ò fún un ní ààbò ogúnléndé, ṣùgbọ́n wọn ò tì í sẹ́nu kìnnìún. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: òjò ò pa á, kò sì wọlé.

Ó yá, ìmọ̀ràn wá kù. Mo ti fi lé ìyá yẹn lọ́wọ́ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ n tún un sọ fún gbogbo wa.

Ẹni tó bá ṣe sójà tàbí ọlọ́pàá, tàbí tó bá wà nínú àwọn fijilanté tó ń bá sójà rìn ní Borno, kó sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù wọn máa ń béèrè ẹ̀, ojú ni wọ́n sì máa fi ń wo èèyàn nígbà tó bá ń dáhùn. Àwòrán tó o gbé sórí Facebook pẹ̀lú aṣọ sójà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Kó sọ ọdún tó wọlé, ọdún tó jáde, ibi tí wọ́n gbé e sí, iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Kó má fi kún un, kó má yọ kúrò.

Kó má ra ìtàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń ta ìtàn bí ẹni ta àkàrà. Ẹni tó ní kó o máa sọ pé o pa èèyàn kí àánú rẹ lè ṣe wọ́n, kò ka lẹ́tà F rí láyé ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ yẹn. Ohun tó o bá ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé o ṣe, wọn ò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Tó bá sọ pé wọ́n fi ipá mú òun, kó ṣàlàyé ipá náà. Ta ló mú un? Kí ni wọ́n ní àwọn máa ṣe fún un tó bá kọ̀? Ṣé ó gbìyànjú láti kúrò? Ìgbà wo ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọjọ́ mélòó ló sì fi kúrò lẹ́yìn ìgbà yẹn? Ìwé tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn, lẹ́tà tó kọ sí ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, kó tọ́jú gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ẹ má pa á rẹ́ nítorí àyè o.

Kó wá lọ́yà gidi tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìlú tó wà, kó tó kọ ohunkóhun. Ní Kánádà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní lọ́yà tí ìjọba ń sanwó ẹ̀ fún ẹni tí kò lówó. Kó béèrè. Kì í ṣe ọmọ ìlú ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ni lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù lọ́kàn mi, ó sì lè má dùn létí gbogbo èèyàn. Láàrin wa nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn kan wà tí ọmọ wọn jẹ́ sójà. Àwọn kan sì wà tí sójà gbé ọmọ wọn tàbí ọmọ iṣẹ́ wọn lọ, tí wọn ò rí i mọ́ títí di òní. A jọ ń kí ara wa ẹ káàárọ̀ níbí. Nígbà tí mo ń ka àwọn ìdájọ́ yìí, mo rí i pé òfin yìí ń gbìyànjú láti wo ojú ẹni méjèèjì. Ó ń sọ fún ọmọ sójà pé mi ò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá rẹ jẹ ẹ́ níyà. Ó sì ń sọ fún ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ lọ pé mi ò ní fi ẹni tó gbé e bò mọ́lẹ̀. Kì í rí i ṣe nígbà gbogbo. Àwọn adájọ́ fúnra wọn ń já ọ̀rọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá yẹn, kò sí ọmọ èèyàn tí kò yẹ kó fẹ́ ẹ.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ ológun tàbí fijilanté lónìí, ohun tí ẹ ó kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ iwájú, òní lẹ ti ń kọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ na ẹni tí wọ́n ti dè, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí kò ti ní padà, tẹ́ ẹ bá lè kọ̀, ẹ kọ̀. Tẹ́ ẹ bá lè kúrò, ẹ tètè kúrò.

Ó tó báyìí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀, kó má sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ síta nínú ẹgbẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ asylum kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wa láì fún wa ní rìsíìtì. Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lóko. Ọjà á tà. Ire o.